Lẹ́tà T Tó Wà Níwájú Ọgọ́rin

Nínú èdè Dutch, acht ni ẹ̀jọ, negen sì ni ẹ̀sán. Bí ẹni tó ń kà á bá fẹ́ dé àádọ́rùn-ún, -tig ni yóò fi sí ìdí negen, á di negentig. Ó yẹ kí ọgọ́rin náà tọ ọ̀nà kan náà, kó jẹ́ achtig. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ achtig ní gbogbo Nẹ́dálándì. Tachtig ni wọ́n ń pè é, tọmọdé tàgbà, nílé ẹ̀kọ́, ní báńkì, nínú ìròyìn. Lẹ́tà t kan jókòó síwájú rẹ̀ tí kò sí nínú acht, tí kò sì ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe mọ́ nínú èdè náà. Ibi tí t yìí ti wá ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀nà rẹ̀ jìn: ó gba inú Bíbélì àtijọ́ kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tó ń ka ọgọ́fà kí wọ́n tó sọ pé ó pé ọgọ́rùn-ún.

Den Haag ní Nẹ́dálándì ni mò ń gbé. Ẹni tó bá mọ Haagse Markt, ọjà gbangba ńlá tó wà nílùú yìí, á mọ bí ariwo ibẹ̀ ṣe máa ń rí: ẹni tó ń ta tòmátò ń ké iye rẹ̀, ẹni tó ń ta ẹja ń ké tirẹ̀ lé e lórí. Ibẹ̀ ni mo ti fi etí sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí ọkùnrin kan bá pariwo pé "tachtig cent!", ẹ ó gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe kan ẹ̀yìn eyín òkè kí ẹnu tó là fún a, lẹ́yìn náà ni ọ̀fun á wá ha ch jáde. T yẹn le, ó sì dá dúró gedegbe. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn onílé tí mo bi léèrè ni kò kíyè sí i rí. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Àwa tí a ní Yorùbá ńkọ́, mélòó nínú wa ló ti bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ọgbọ̀n kò fi jọ ogún tó ṣáájú rẹ̀, tí kò sì jọ ogójì tó tẹ̀lé e?

Dutch nìkan kọ́ ló ní t yìí. Afrikaans ti Gúúsù Áfíríkà, tó hù láti inú Dutch tí àwọn ará Nẹ́dálándì gbé dé Cape láti 1652, ń pe ẹ̀jọ ní agt, ó ń pe ọgọ́rin ní tagtig. Frisian, èdè àwọn ará Friesland ní àríwá Nẹ́dálándì, ní acht àti tachtich. Plattdeutsch ti àríwá Jámánì ní acht àti tachentig. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bọ́ sínú èdè Jámánì tí wọ́n fi ń kọ́ni nílé ìwé, achtzig lẹ ó bá, kò sí t níwájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní eighty, kò sí níbẹ̀ náà. Ogun tí àwọn ará Nẹ́dálándì fi gba ara wọn lọ́wọ́ Sípéènì láti 1568 sí 1648 fi ààlà yìí hàn kedere: Tachtigjarige Oorlog ni àwọn onílé ń pè é, Achtzigjähriger Krieg ni Jámánì ń pè é. Ogun kan náà, ọgọ́rin ọdún kan náà. (Àwọn akéwì tó yí lítíréṣọ̀ Dutch padà ní àwọn ọdún 1880 tún ń jẹ́ Tachtigers, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan níbí.)

Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, nítorí pé àwọn ìwé rẹ̀ àtijọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà jáde láìfi bò. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì ń ka ẹ̀wá-ẹ̀wá lọ geere: twentig, þritig, feowertig, fiftig, siextig. Ó dé ọgọ́ta, ó yí ohùn padà. Àádọ́rin rẹ̀ kì í ṣe seofontig, hundseofontig ni. Ọgọ́rin, hundeahtatig. Àádọ́rùn-ún, hundnigontig. Kò sì dúró níbẹ̀: hundteontig ni ọgọ́rùn-ún, hundtwelftig sì ni ọgọ́fà. Láti àádọ́rin lọ sókè, hund ló ń ṣíwájú gbogbo wọn. Hund yìí kan náà ni ìdajì àkọ́kọ́ hundred tí a mọ̀ lónìí.

Gothic, èdè àwọn Goth ìgbàanì tó bá Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì tan, dàgbà jù ú lọ. Bíṣọ́ọ̀bù Wulfila ló túmọ̀ Bíbélì sí Gothic ní ọ̀rúndún kẹrin. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ náà, Codex Argenteus, wà ní Uppsala ní Swídìn lónìí. Awọ tí wọ́n pa láró elésè àlùkò ni wọ́n fi ṣe é, fàdákà àti wúrà ni wọ́n sì fi kọ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀. Ó ti gba Nẹ́dálándì kọjá rí: Dordrecht ni Franciscus Junius ti tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1665. Ẹ ṣí Lúùkù orí kejì, ẹsẹ 37. Ánà wòlíì obìnrin ló wà níbẹ̀, opó tí wọ́n dárúkọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin mọ́. Gothic kọ ọ́ báyìí: jere ahtautehund jah fidwor, ọdún ọgọ́rin àti mẹ́rin. Ahtau ni ẹ̀jọ nínú èdè yẹn. Ṣùgbọ́n tigjus tí Gothic ń lò fún ẹ̀wá-ẹ̀wá títí dé saihs tigjus, ìyẹn ọgọ́ta, kò sí níbẹ̀ mọ́. Hund ló gba ipò rẹ̀. Bákan náà ni sibuntehund fún àádọ́rin, niuntehund fún àádọ́rùn-ún, taihuntehund fún ọgọ́rùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì fi hund sí orí, Gothic fi sí ìdí, ṣùgbọ́n ojú ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ti yà: lẹ́yìn ọgọ́ta.

Mo mú Bíbélì Dutch ti 1637, Statenvertaling, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: vier en tachtig jaren. Mo mú Bíbélì Yorùbá tèmi, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Inú mi dùn gan-an sí ohun tí mo rí. Dutch kọ́kọ́ pe mẹ́rin, ó wá pe ọgọ́rin tẹ̀lé e. Bí àwa náà ṣe ń pè é nìyẹn, mẹ́rin tó lé ní ọgọ́rin. Àwọn ọmọ wa tó ń gba ojú Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Dutch níbí máa ń kọsẹ̀ lórí vierentachtig. Wọ́n á gbọ́ mẹ́rin lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á sì kọ 48 sílẹ̀. Ẹ gba ojú Yorùbá kọ́ ọ. Títí ẹ ó fi dé mẹ́rin tó lé, ẹ kò ní ṣìnà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni Heliand. Ewì gígùn lórí ìgbésí ayé Jésù ni, wọ́n kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ní èdè Saxon àtijọ́, èdè tó bí Plattdeutsch. Sakaráyà arúgbó ń bá áńgẹ́lì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò lè gbà pé òun àti ìyàwó òun ṣì máa bímọ. Ó ní ogún ìgbà òtútù ni àwọn ti lò láyé kí àwọn tó fẹ́ra, láti ìgbà tí òun sì ti yàn án níyàwó, àádọ́rin ìgbà òtútù ni àwọn ti jọ ń jókòó sórí àga kan, tí àwọn ń sùn sórí ibùsùn kan. Ogún yẹn, tuentig ló pè é. Àádọ́rin yẹn, antsibunta. Ìlà ewì méjì péré ló wà láàárín òǹkà tó wà kí a tó dé ọgọ́ta àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọ aṣọ tirẹ̀. Ánà opó náà wà nínú ewì yìí. Ọgọ́rin tó wà nínú ọjọ́ orí tirẹ̀, antahtoda ni.

Ẹ wá wo ant- dáadáa. Hund ni, àmọ́ h ti bọ́, u ti yí padà, d ti le di t. Ẹnu àwọn tó ń yára kà á ló jẹ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn lọ sọ́dọ̀ Dutch, an náà bọ́, ó ku t. Gbogbo hund tó wà lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti rọ̀, ó ti wọ inú lẹ́tà kan ṣoṣo. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti gbà gbọ́. Ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin. Ìpajẹ àti àrànmọ́ ti jẹ ẹ́ débi pé ọmọ kékeré tó ń ka a kò mọ̀ pé òun ń pe ogún rárá, ṣùgbọ́n g yẹn ṣì wà láàárín ọ̀rọ̀ náà, ogún sì ni.

Ní Dutch ayé àárín, tseventich, tachtich àti tnegentich ni wọ́n ń kọ. T wà níwájú gbogbo wọn nígbà náà. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ọgọ́rin nìkan ló dì í mú? Ẹ fi ẹnu ara yín dán an wò. T níwájú a kò ní wàhálà. T níwájú n ń há ahọ́n mọ́, nítorí pé ojú ibi kan náà ni ahọ́n ti ń pe àwọn méjèèjì. T níwájú s máa ń yọ́ mọ́ s lára. Nítorí náà t bọ́ lára negentig, ó bọ́ lára zeventig, ó dúró lára tachtig nítorí pé fáwẹ̀lì ló gbé e.

Ti zeventig kò lọ láìfi ipa sílẹ̀. Z ni wọ́n fi ń kọ zeven, ìyẹn èje, òun náà ni wọ́n fi ń kọ zeventig. Ẹni tó ń pe z dáadáa nínú Dutch á fi z pe zeven. Tó bá dé zeventig, s ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. T ló mú kí z le di s, ó wá fi s sílẹ̀ lọ. Zestig, ọgọ́ta, náà ń gba s bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgọ́ta kò ní hund rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kó o ràn án, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní tsestich nígbà kan. Àrànmọ́ yẹn tún sọ̀ kalẹ̀ lọ, nítorí pé f ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pe v tó wà níwájú veertig àti vijftig, ogójì àti àádọ́ta. Nínú àwọn ẹ̀ka èdè kan ní Flanders, ní Bẹ́ljíọ̀m, wọ́n ṣì ń sọ tnegentig, t rẹ̀ wà níbẹ̀ pérépéré.

Nítorí èyí ni mi ò fi fara mọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ àlejò pé tachtig ni kò tẹ̀lé òfin. Negentig ló kúrò níbi tí wọ́n bí i sí. Tachtig kò kúrò.

Ṣùgbọ́n kí ló wà ní ọgọ́ta tí gbogbo wọn fi yà níbẹ̀? Àwọn onímọ̀ èdè kò tíì fẹnu kò. Àwọn kan tọ́ka sí Bábílónì, níbi tí ọgọ́ta ti jẹ́ òpómúléró ìṣirò, tí a ṣì ń rí ipa rẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àti wákàtí. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó pamọ́ níbẹ̀ ju ọ̀nà méjì tí wọ́n gbà ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn bóyá sibunte-hund la ó gé sibuntehund sí tàbí sibun-tehund. Èrò kẹta ló tẹ̀ mí lọ́rùn jù: pé ọgọ́rùn-ún àwọn baba ńlá wọn tóbi ju tiwa lọ. Ní èdè Norse àtijọ́, èdè àwọn ará Scandinavia ìgbàanì, hundrað jẹ́ ọgọ́fà. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún irú tiwa wá dé pẹ̀lú ẹ̀sìn Kristẹni àti ìwé, wọ́n ní láti máa fi ọ̀rọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀: tólfrœtt hundrað fún èyí tó jẹ́ ẹ̀wá lọ́nà méjìlá, tírœtt hundrað fún èyí tó jẹ́ ẹ̀wá lọ́nà mẹ́wàá. Ní Jámánì, Großhundert ni ọgọ́fà ń jẹ́ láyé àtijọ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, tí wọ́n bá ka ẹja heríǹgì ní "hundred" kan fún èèyàn, ọgọ́fà ẹja ló máa ń wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń pe iye náà ní six score, ogún mẹ́fà. Ẹ gbọ́ ọ: ogún mẹ́fà ni ọgọ́fà tiwa gan-an.

Bí ọgọ́rùn-ún ńlá bá jẹ́ ọgọ́fà, ọgọ́ta ni ìdajì rẹ̀. Àwọn oníṣòwò àríwá Jámánì àti Nẹ́dálándì ní orúkọ fún ìdajì yìí: Schock lọ́dọ̀ Jámánì, schok lọ́dọ̀ Dutch, ọgọ́ta ẹyin nínú àpò kan. Stiege ni ogún, mẹ́ta rẹ̀ ló wà nínú Schock. Àwọn Dutch tún ní snees fún ogún, ọ̀rọ̀ tó bá snās ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tan, igi tí wọ́n fi ń gún ẹran tàbí ẹja jọ. Ẹ wo bó ṣe ṣe kedere: ẹja ogún lórí igi kan, igi mẹ́ta di ọgọ́ta, apẹja á gbé e sílẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé ibi tí ọwọ́ ti ń dúró láti gbé ẹrù sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, t inú tachtig sì ni àmì pé a ti kọjá ìdúró yẹn, a ti wà nínú ìdajì kejì.

Jámánì náà ní ìyàtọ̀ yìí rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ wọn, sehszug ni ọgọ́ta, ṣùgbọ́n sibunzo, ahtozo, niunzo, zehanzo ló tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí -zug fi gba gbogbo ibẹ̀, ó tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ. Gẹ̀ẹ́sì náà jù hund tirẹ̀ nù. Ó rọrùn láti kà báyìí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tachtig yìí ti dé etíkun wa rí, ọ̀nà tó sì gbà dé kò dára. Ọkọ̀ ojú omi Dutch ló ń kó owó ẹyọ láti òkun Íńdíà, gba Ceylon (Sri Lanka òde òní), wá sí Amsterdam. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o lọ sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń fi ra èèyàn. Ní Ouidah, ní Benin òde òní, tí àwọn Dutch ń pè ní Fida, ogójì ẹyọ ló wà lórí okùn kan, okùn márùn-ún sì jẹ́ igba. Ètò yìí kò yàtọ̀ sí tiwa: ogójì, igba, ẹgbàá, títí dé ọ̀kẹ́ kan, tó kún àpò kan. Tachtig tí akọ̀wé Dutch bá kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí owó ẹyọ, okùn méjì gééré ló jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a dúnàádúrà. Willem Bosman, tó bá ilé iṣẹ́ Dutch ṣiṣẹ́ ní etíkun náà, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1704. Ó jẹ́rìí níbẹ̀ pé àwọn ará Fida ń fi orí lásán ṣírò ọjà tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kíákíá, láìṣì, bí àwọn òyìnbó ṣe ń fi kálámù àti yíǹkì ṣe é. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì ronú lórí ohun tí wọ́n ń ṣírò. Ọkàn mi kò lè ya ìyìn náà kúrò lára ọjà náà.

Ọmọbìnrin àbúrò mi tó wà ní Rotterdam mọ vierentachtig dáadáa. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni kò mọ̀. Mo sọ fún un pé ètò kan náà ni, mẹ́rin lákọ̀ọ́kọ́, ọgọ́rin lẹ́yìn, ó gbà á lójú ẹsẹ̀, ó sì kà á dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀ láti mọ́kànlélọ́gọ́rin. Márùndínláàádọ́rùn-ún ló dá a dúró. Dutch kì í yọ. Ó bi mí pé báwo la ṣe lè yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́rùn-ún nígbà tí a kò tíì kà dé àádọ́rùn-ún. Mo da ẹ̀wà ọgọ́rùn-ún kalẹ̀ sórí tábìlì. A yọ ẹ̀wá, ó di àádọ́rùn-ún. A yọ àrún, ó di márùndínláàádọ́rùn-ún. Mo wá sọ ohun tí Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé Ìjàyè, kọ ní 1887 nípa bí àwọn tó ń ka owó ẹyọ nílẹ̀ wa ṣe ń ṣe é: wọ́n á tú àpò ọ̀kẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ tì í, wọ́n á máa fa ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún, ìdì ogún á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Ọmọ náà ní kí n jẹ́ kí òun náà kúnlẹ̀ kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà ọgọ́rùn-ún yẹn kéré jù fún un, ó ti lọ gbé àpò ẹ̀wà ìyá rẹ̀ wá.